Yanrìn Iwájú Orí

Ọjọ́ tí wọ́n bí mi, ó ṣojú mi kòrókòró. Kì í ṣe pé wọ́n sọ ọ́ fún mi o; mo wà níbẹ̀, ojú mi sì là sílẹ̀. Òjò ń kán wínníwínní. Obìnrin tó gbẹ̀bí mi ti ká léyín, aṣọ àdìrẹ tó ró ti jóná ní etí kan, ó sì ń jẹ obì lọ́wọ́ bí ẹni tí kò ní ohun pàtàkì kan tó ń ṣe. Ẹnì kan gbá fìtílà ṣubú. Títí di òní, wọ́n ń sọ pé ìyá mi ló fi ẹsẹ̀ gbá a nítorí ìrora. Irọ́ ni. Àbúrò bàbá mi obìnrin ló gbá a níbi tó ti ń na ọrùn kó lè mọ̀ bóyá ọkùnrin ni mí. Mo rí i. Kí wọ́n tó gé ìwọ́ mi ni mo ti mọ ẹni tó jẹ̀bi nínú yàrá yẹn, ìgbà tí ẹnu mi sì máa là, ọ̀rọ̀ fìtílà náà ni mo kọ́kọ́ sọ, kí n tó pe ìyá mi ní ìyá. Rámọ́tà ọmọ mi, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Randburg, ní Johannesburg níbí, ní kí n má kọ eléyìí sílẹ̀, pé àwọn tó bá kà á kò ní gba ìyókù gbọ́. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ẹni tí kò bá lè gbé ti fìtílà mì, kó mu omi sí i, oúnjẹ ṣì ń bọ̀.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sí mi lẹ́nu ni pé kóòtù ni mo ń lọ lójoojúmọ́ báyìí. Ẹnikẹ́ni kò pè mí lẹ́jọ́. Òtútù ilẹ̀ yìí ló lé mi lọ. Tí òtútù bá ti wọlé, ilé Rámọ́tà a máa tutù bí inú àmù. Òun á wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi tó ti ń bá àwọn ilé iṣẹ́ ṣe ìṣirò ní Midrand, ọkọ rẹ̀ á bá tirẹ̀ lọ, Fáídà ọmọ wọn tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà á lọ sí yunifásítì, á wá ku èmi àti ajá aládùúgbò tí kò gbọ́ Yorùbá. Mo wá ṣàkíyèsí pé kóòtù tó wà ní àárín ìlú máa ń móoru, àga wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè wọlé wá gbọ́ ẹjọ́, wọn kì í sì bi àgbàlagbà pé kí ló wá ṣe. Mo bá ń wọ táksì lọ. Àwọn awakọ̀ ti mọ̀ mí. Tí mo bá ti ń gòkè, ọ̀kan nínú wọn á ní, “Bàbá Kóòtù, ṣápù?” Èmi náà á ní ṣápù, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn níbí nìyẹn. Ẹjọ́ tí mo ń tẹ̀ lé lọ́wọ́ ni ti ọmọkùnrin kan tó ń ta fóònù ní Alexandra. Wọ́n ní ó fọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, ó sì kó ọjà inú rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó rí i níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi mú un ni pé wọ́n bá èérún dígí lábẹ́ bàtà rẹ̀. Lọ́yà ìjọba ní dígí ni fèrèsé, dígí ló wà lábẹ́ bàtà, kí la tún ń wá kiri? Lọ́yà ọmọ náà, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ikọ́ ń dà láàmú, dìde. Òyìnbó mi kò kún, kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo mú délé tí Fáídà bá mi tú ni pé ẹ̀rí méjì ló wà. Ọ̀kan ni ti ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀, tó lè ní mo rí i. Èkejì ni ti ohun tí a bá nílẹ̀, tí a wá fi ń ro ohun tí a kò rí. Obìnrin náà ní èkejì yìí kì í ṣe ẹ̀rí yẹpẹrẹ, nígbà mìíràn ó máa ń le ju ti ojú lọ, àmọ́ bí ọ̀nà méjì bá wà tí nǹkan fi lè dé ibi tí a bá a, adájọ́ kò gbọdọ̀ di ọ̀kan mú kó wá di ojú sí èkejì. Ó ní ibùdókọ̀ tí ọmọ yìí ń gbà kọjá láràárọ̀, dígí fífọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ju òkúta lọ. Ọkùnrin tó jókòó tì mí mí kanlẹ̀, ó ní éìṣ, bí wọ́n ṣe ń kẹ́dùn níbí.

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ohun tí obìnrin yẹn fi ọdún gbọọrọ kọ́, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni wọ́n ti kọ́ wa nílé wa ní Ìwó, yanrìn ni wọ́n sì fi kọ́ wa. Agbo ilé wa yí àgbàlá kan po. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ohun tí etí máa kọ́kọ́ gbọ́ ni ikọ́ Bàbá Àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, tó máa ń hú u kó tó dìde bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ayé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kẹ́tùlù àlùwàlá á máa kan ara wọn, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìgbálẹ̀ àwọn obìnrin, lẹ́yìn gbogbo wọn ni òfì. Ahunṣọ ni wá. Láti òwúrọ̀ ni òfì àwọn ọkùnrin ilé á ti máa dún gbàkà, gbìkì, gbàkà, gbìkì, ó sì ti mọ́ wa lára débi pé tí wọ́n bá dákẹ́, àwọn ọmọ ọwọ́ á jí lójú oorun, wọ́n á bú sẹ́kún. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ká òwú sórí kẹ̀kẹ́, kí n sì máa lé ewúrẹ́ kúrò nídìí rẹ̀, nítorí ewúrẹ́ ilé wa fẹ́ràn òwú ju koríko lọ. Ìgbà tí gbogbo òfì bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, a mọ̀ pé ìrun ti tó.

Mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa kò ní ẹní nígbà náà. Yanrìn funfun ni wọ́n kó ní etí odò dà sínú rẹ̀, ó mọ́, ó tutù, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí ẹni tó bá forí kanlẹ̀. Ní ti ilẹ̀ ìlú yòókù, erùpẹ̀ pupa ni láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Bàbá Àgbà ní ẹsẹ̀ kan tó máa ń ro ó, kò lè rin ìrìn mọ́ṣáláṣí mọ́ lọ́sàn-án, orí awọ àgùntàn nínú yàrá rẹ̀ ló ti ń kírun. Kí àwọn ọmọ rẹ̀ má wá sọ ara wọn di kèfèrí lẹ́yìn rẹ̀, ó ní ọgbọ́n kan. Lẹ́yìn ìrun Àìlà, á gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á ní kí gbogbo ọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó tò kọjá níwájú òun, kékeré àti ńlá, á sì máa wo iwájú orí wa. Tó bá funfun, lọ jẹun. Tó bá pupa, ìta lo ti ń ṣeré. Tí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, lọ sùn. Kì í bi ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀. Ó máa ń sọ pé, “Ẹnu ló mọ irọ́ pa. Iwájú orí kò lẹ́nu.”

Àwa ọmọdé sì fún iwájú orí ní ẹnu. A ní ìkarahun ìgbín kan lẹ́yìn ilé, nídìí igi gúáfà, yanrìn mọ́ṣáláṣí ló kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù gbàgbé ìrun, kó tutọ́ sí ìka, kó fi kan yanrìn, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́rí, ó ti di àlùfáà. Ọgbọ́n yanrìn yìí wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé e dé Johannesburg. Ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí mo lò níbí, ọkọ Rámọ́tà ti ìrun dé, mo wo iwájú orí rẹ̀, ó mọ́ tónítóní bí àwo tanganran. Nígbà tí Rámọ́tà fẹ́ bu ẹran fún un, mo fà á sẹ́yìn. Mo ní, “Rámọ́tà, ọkọ rẹ kò dé mọ́ṣáláṣí.” Ó ní, “Bàbá, kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀ o.” Mo ní, “Ìgbà tí mo bá rí i, màá gbà.” Ọkùnrin náà fi sùúrù mú mi lọ ní Jímọ̀ kejì. Kápẹ́ẹ̀tì ni lóòótọ́, ó nípọn bí irun àgùntàn. Mo forí kanlẹ̀, mo gbórí sókè, mo fọwọ́ pa iwájú orí mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo wò ó pé tí Bàbá Àgbà bá rí gbogbo wa báyìí, ebi ni ìlú yìí máa fi sùn.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni ààwẹ̀ bọ́ sí. Ọ̀fun gbogbo ilé gbẹ, àní òfì pàápàá ń dún bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ọdún yẹn ni Bọ̀dá Múfú, àbúrò bàbá mi tó kéré jù, fẹ́ gbé Sìdí níyàwó. Bọ̀dá Múfú kì í sọ̀rọ̀. Tí o bá kí i, á rẹ́rìn-ín, tí o bá bú u, á rẹ́rìn-ín, òfì rẹ̀ ló máa ń bá a dáhùn. Bàbá Sìdí ń kọ́lé lẹ́yìn ìlú, ilé amọ̀ tó nípọn, gbogbo ẹni tó bá sì máa fẹ́ ọmọ ẹni, ó mọ̀ pé òun á sin àna. Bọ̀dá Múfú sin àna. Ó kọ ebè, ó gé igi ajà, ó gún amọ̀ ògiri ipele kan, ó gún ti èkejì, Bàbá Sìdí ń sọ pé ó ku díẹ̀, ó ku díẹ̀, tí ògiri bá dé ibi òrùlé, òun á dá ọjọ́ yìgì. Ọ̀rọ̀ náà wá ń bí Bàbá Àgbà nínú. Ní ọjọ́ kan ó sọ ọ́ ní gbangba pé, “Àna là ń sin, a kì í sin ògiri. Ọmọ mi kì í ṣe ìwọ̀fà. Múfútáù kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan amọ̀ yẹn mọ́, tó bá kàn án, kò ka ọ̀rọ̀ mi kún.” Bàbá Sìdí gbọ́, òun náà dákẹ́, yìgì sì dúró sójú kan bí kẹ̀tẹ́kẹ́tẹ́ tó rí odò. Nígbà tí ààwẹ̀ ti fẹ́ parí, àwọn àgbà àdúgbò làjà, wọ́n ní kí Bàbá Sìdí wá ṣínu nílé wa, kí wọ́n fi oúnjẹ pa ìjà, kí wọ́n dá ọjọ́. Gbogbo ilé mọ̀ pé tí ọjọ́ yẹn bá bàjẹ́, Sìdí lọ nìyẹn, nítorí ọmọ oníṣòwò kan láti Ẹdẹ ti ń fi ẹsẹ̀ kan ilé wọn.

Ìyá Ṣàkí ló se ọbẹ̀. Òun ni ẹ̀gbọ́n Bàbá Àgbà. Ó ti lọ́kọ sí Ṣàkí, ọkọ kú, ó padà wá sílé bàbá rẹ̀, ó gba àkóso gbogbo wa lọ́wọ́ ẹni tó wù kó ní i. Àkùkọ ńlá kan tó ti ń ṣe bí baálé láàárín àgbàlá ló pa. Láti òwúrọ̀ ló ti sè é, nítorí ó mọ̀ pé ara rẹ̀ le, ó bo ìkòkò, ó gbé òkúta lé ọmọrí, ó sì lọ sọ́jà lọ wá iyọ̀. Nígbà tó máa fi dé lẹ́yìn Àìlà, òkúta wà nílẹ̀, ọmọrí wà nílẹ̀, ọrùn àti ẹsẹ̀ àkùkọ ló kù tó ń wẹ̀ nínú ọbẹ̀.

Ẹni tó jẹ ẹ́, mo mọ̀ ọ́n. Mo wà lórí igi gúáfà, tí ẹ̀ka rẹ̀ nà dé fèrèsé ilé ìdáná. Sùlé ni. Sùlé ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tó ti kú, ọ̀dọ́kùnrin ni, kò ju Bọ̀dá Múfú lọ púpọ̀ kò sì kéré sí i púpọ̀. Òun ni yanrìn iwájú orí rẹ̀ máa ń funfun jù lọ nílé wa, Bàbá Àgbà a máa nawọ́ sí i fún wa, á ní, “Ẹ wo Sùlé.” Mo wo Sùlé lóòótọ́. Mo rí i nígbà tó gbé òkúta kúrò jẹ́jẹ́, mo rí i tó fẹ́ atẹ́gùn sí ìka, mo rí i tó di ojú nígbà tí itan adìyẹ wọ ẹnu rẹ̀, bí ẹni tó ń ka Àlùkùráánì lórí. Nígbà tó jẹ tán, ó wá sídìí igi tí mo wà, ó mú ìkarahun wa, ó tutọ́ sí ìka. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ. Ọmọdé kì í jẹ́rìí láàárín àgbà nílé wa, wọn ì bá sì kọ́kọ́ bi mí ohun tí mo ń wá lórí gúáfà nínú ààwẹ̀.

Bàbá Àgbà gbé àpótí rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná bó ti máa ń ṣe. Àwọn òfì dákẹ́. Èrò tó ń kírun nínú ààwẹ̀ pọ̀ ní mọ́ṣáláṣí débi pé kò sẹ́ni tó lè búra pé lágbájá wà níbẹ̀ tàbí kò sí, ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tí wọ́n tún bi. Sùlé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Bàbá, mo ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ ni. Mo rí Múfú tó ń jáde ní ilé ìdáná yìí, ó ń nu ẹnu.”

“O fi ojú rẹ rí i?”

“Ojú méjèèjì, Bàbá.”

“Múfútáù, níbo lo wà?”

“Mo kírun, Bàbá.”

“Mo ní níbo.”

Bọ̀dá Múfú ń wo ilẹ̀. “Mo kírun ni, Bàbá.”

Bàbá Àgbà ní kó súnmọ́ òun. Ó fi àtàǹpàkò pa iwájú orí rẹ̀, ó gbé àtàǹpàkò náà sókè kí gbogbo wa lè rí i. Ó pupa. Ó ní, “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹlẹ́rìí rí i, orí ara rẹ̀ náà tún jẹ́rìí sí i. N kò ní fi olè tó ń jẹun lọ́sàn-án ààwẹ̀ fẹ́ ọmọ ẹlòmíràn. Tí Bàbá Sìdí bá dé, èmi fúnra mi ni màá sọ fún un pé kó mú ọmọ rẹ̀ dání, kó máa lọ.” Kò pariwo. Bí ẹni tó ń sọ iye òwú tó kù lórí kẹ̀kẹ́ ló ṣe sọ ọ́. Bọ̀dá Múfú kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ojú rẹ̀ láìsí ẹ̀rín nínú rẹ̀, n kò sì tètè mọ̀ pé òun ni.

Ìyá Ṣàkí wà nídìí ìkòkò rẹ̀, ó ń fi ṣíbí wá inú ọbẹ̀ bí ẹni pé àkùkọ náà ṣì lè jáde. Ó ní, “Bùráímọ̀.” Òun nìkan ló ń pe Bàbá Àgbà lórúkọ. “Ẹyẹ àjẹ́ tó ké yẹn, ta ló rí i?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ẹjọ́ sílẹ̀ fún ọkùnrin.”

“Mo fi í sílẹ̀. Ọbẹ̀ tèmi ni kí wọ́n dá padà. Mo kàn fẹ́ bi ọ́ ni. Nígbà tí o bá ń kírun, iwájú orí rẹ nìkan lo máa ń gbé lọ? Imú rẹ ńkọ́? Àtẹ́lẹwọ́ ńkọ́? Orúnkún ńkọ́? Àbí ńṣe lo máa ń so ìyókù kọ́ sókè bí àdán?”

Àwọn obìnrin kan fi etí ìborùn bo ẹnu. Ìyá Ṣàkí dìde, ó ní kí Múfú àti Sùlé dúró pọ̀. Ó yí Múfú ká. Pupa wà níwájú orí rẹ̀, pupa wà ní ṣóńṣó imú, pupa wọ inú ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, orúnkún ṣòkòtò rẹ̀ méjèèjì sì ní pupa roboto bí ẹni lẹ obì mọ́ ọn. Ó wá yí Sùlé ká. Yanrìn iwájú orí Sùlé nípọn bí ìgbà tí wọ́n fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́. Imú rẹ̀ ń dán. Ṣòkòtò funfun ló wọ̀, orúnkún rẹ̀ mọ́ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ kúrò nínú omi.

“Mo tẹ́ aṣọ sábẹ́ orúnkún mi ni, Ìyá.”

“O ṣeun. Ti imú ńkọ́, ìyẹn náà tẹ́ aṣọ?”

Ìyá Ṣàkí kọjú sí àbúrò rẹ̀, ó ní, “Eléyìí kírun, n kò mọ ibi tó ti kí i. Eléyìí kò kírun, mo sì mọ ibi tí yanrìn rẹ̀ ti wá.” Ó wo ọ̀kánkán ìdí igi gúáfà bó ti ń sọ ọ́, gbogbo àwa ọmọdé ilé náà sì wo ẹsẹ̀ ara wa.

N kò ní bu Bàbá Àgbà kù. Ó fi ọwọ́ pa ẹsẹ̀ tó ń ro ó, ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo rántí ní kóòtù lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí lọ́yà ìjọba ń fèsì. Ó ní, “Mo gbà pé ó kírun. Ẹni tó jẹun tán náà lè kírun. Gbogbo ẹ̀yìn ìlú ló pupa. Kó sọ ibi tó wà, kí ọ̀rọ̀ tán.” A tún wo Bọ̀dá Múfú. Bọ̀dá Múfú ń wo ilẹ̀. Ó hàn pé ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ohun kan ló dì í mú. Bí ó bá sọ ọ́, á tẹ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú gbogbo agbo ilé. Bí kò bá sọ ọ́, Sìdí lọ. Àwa kò mọ èyí nígbà náà. Ohun tí a rí ni ọkùnrin kan tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí kò le, tí kò dáhùn.

Ibẹ̀ la wà tí Bàbá Sìdí fi wọlé, Alàásárì kò tíì tó, nígbà tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ la ń retí rẹ̀. Fìlà rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Ẹ kú ààwẹ̀ o, ẹ kú òùngbẹ,” kò sì dúró gba ìdáhùn. Ó lọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí Bàbá Àgbà.

“Bàbá, n kò wá fún oúnjẹ. Àdúrà ni mo wá gbà. Mo da omi sí amọ̀ sílẹ̀ lánàá fún ipele tó kù, mo ní tí ààwẹ̀ bá parí, màá wá ẹni gún un. Mo débẹ̀ lẹ́yìn Àìlà nísinsìnyí. Wọ́n ti gún un. Ó kúnná bí iyán. Iṣẹ́ àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni fún ọkùnrin méjì, Bàbá, wọ́n ti ṣe é tán, n kò sì rí ẹ̀dá kan.”

“Ta ló gún un?”

“Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ẹni tó gún un kírun síbẹ̀. Mo rí iwájú orí, mo rí imú, mo rí ọwọ́ méjì àti orúnkún méjì, gbogbo rẹ̀ wọ inú amọ̀ bí òǹtẹ̀. Mo mọ̀ pé àlùjànnú ni. Mo kàn dúpẹ́ pé Mùsùlùmí ni.”

Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá Ṣàkí ló la ẹnu, ó ní, “Àlùjànnú náà ti wẹ ẹsẹ̀. Òun ló dúró síbẹ̀ yẹn.”

Bàbá Àgbà wo ẹsẹ̀ Bọ̀dá Múfú. Ó ti wẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, àmọ́ omi kò mú èyí tó wọ abẹ́ èékánná. Ó wò ó pẹ́.

“Mo ní kí o má lọ.”

“Ẹ má bínú, Bàbá,” ni Bọ̀dá Múfú wí. “Ó ku ipele kan.”

Wọ́n mú un lọ síbi amọ̀ náà kí oòrùn tó rẹlẹ̀, gbogbo ilé tẹ̀ lé e, àwa ọmọdé ń sáré níwájú. Òǹtẹ̀ náà wà níbẹ̀, oòrùn ti sá a, ó ti ń le. Bàbá Sìdí ní kó forí kanlẹ̀ síbẹ̀. Bọ̀dá Múfú wolẹ̀, orí rẹ̀ wọ ojú orí, imú wọ ojú imú, orúnkún wọ ibi tirẹ̀, bí ọmọrí ṣe ń wọ ẹnu ìkòkò. Kò sẹ́ni tó rí i nígbà tó ń gún amọ̀. Títí ó fi kú, kò sẹ́ni tó rí i. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà kejì tí orí yẹn ì bá fi gbà dé inú amọ̀ yẹn, Bàbá Àgbà tó sì jẹ́ pé òun ló ní kó má lọ ló kọ́kọ́ yíjú padà, tó ń fi etí agbádá nu ojú, tó ní eruku ni. Bàbá Sìdí dá ọjọ́ yìgì lórí ìdúró. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí ògiri gbẹ kó tó ṣẹlẹ̀. A ṣínu pẹ̀lú ọrùn àti ẹsẹ̀ àkùkọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá Sìdí ló jẹ ọrùn. Sìdí bí ọmọ mẹ́fà fún Bọ̀dá Múfú, gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ ju bàbá wọn lọ.

Ní ti Sùlé, Bàbá Àgbà kò tún pe ẹlẹ́rìí kankan. Ó parọ́ ìrun, ó parọ́ mọ́ Múfú, kí la tún ń wá? Òun ló jẹ ẹran. Gbogbo ilé gbà bẹ́ẹ̀. Sùlé dúró níwájú àpótí, ó ní, “Mo parọ́ ìrun. Oorun ló gbé mi lọ, mo bẹ̀rù kí n má baà tò kọjá láìní yanrìn. Mo rí ẹ̀yìn ẹnì kan lóòótọ́, mo rò pé Múfú ni. N kò jẹ ẹran.” Àjẹ́ ti ké, ọmọ ti kú. Wọ́n ń bu oúnjẹ rẹ̀ lọ́tọ̀ láti ọjọ́ yẹn, tí àwọn ọmọdé bá sì rí i, wọ́n á fi ọwọ́ pa orúnkún. Kí ọdún tó yí, ó ti bá àwọn tó ń lọ sí Kùmásì lọ. Kò padà wá. Ìyá Ṣàkí ló máa ń dárúkọ rẹ̀ nígbà mìíràn, tó bá ń bo ìkòkò, á ní, “Sùlé,” á sì dákẹ́, n kò mọ bóyá èébú ni àbí nǹkan mìíràn.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, adájọ́ dá ẹjọ́ ọmọ Alexandra. Ó ní dígí náà lè jẹ́ ti fèrèsé, ó lè jẹ́ ti ibùdókọ̀, òun kò sì ní ohun tóun lè fi ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ó dá a sílẹ̀. Kò sọ pé ọmọ náà kò jalè o. Ó ní òun kò mọ̀. N kò tíì gbọ́ kí àgbà kan jókòó sórí àga ìdájọ́ kó sọ bẹ́ẹ̀ rí. Fáídà ló wá fi ọkọ̀ ìyá rẹ̀ gbé mi lọ́jọ́ yẹn, bí a sì ti ń bọ̀ ni mo sọ gbogbo ìtàn Sùlé fún un, yanrìn, amọ̀, àlùjànnú, títí kan ti orí igi. Ó rẹ́rìn-ín dáadáa. Nígbà tí róbọ́ọ̀tì, iná ojú títì wọn, dá wa dúró, ó fi òyìnbó bi mí bó ti máa ń ṣe, ó ní bí a bá yọ ojú tèmi kúrò lórí igi, kí ló kù tó so Sùlé mọ́ ìkòkò? Ó ní ṣé ajá kò sí nílé yín ni? Mo ní ajá kì í gbé òkúta. Ó ní ewúrẹ́ tó ń jẹ òwú ńkọ́, ṣé ìyẹn kì í fi orí ti nǹkan ṣubú, kí ajá wá parí iṣẹ́? Ó ní ẹ̀yìn ẹni tí Sùlé ní òun rí yẹn ńkọ́? Róbọ́ọ̀tì di àwọ̀ ewé, àwọn táksì ẹ̀yìn wa ń fọn fèrè. Mo ní kó máa wa ọkọ̀ rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ èyí tí mo fi kún un, kí n tó gbé pẹ́ńsùlù mi kúrò nílẹ̀. Ti fìtílà, ẹ̀yin náà ti mọ̀. Èyí tí ẹ kò mọ̀ ni ti igi gúáfà. Igi náà wà, ó sì ń so dáadáa. Èmi ni kò sí lórí rẹ̀. Ìdí kẹ̀kẹ́ òwú ni mo sùn sí lọ́sàn-án yẹn, igbe Ìyá Ṣàkí ló jí mi. N kò rí Sùlé nídìí ìkòkò. N kò rí itan adìyẹ lẹ́nu rẹ̀, n kò rí i tó di ojú. Erùpẹ̀ pupa, òǹtẹ̀ inú amọ̀, ṣòkòtò funfun, ọ̀rọ̀ tó sọ níwájú àpótí, gbogbo ìyẹn rí bí mo ti wí i. Ojú tó rí i nìkan ni mo fi kún un, nítorí pé láìsí i, orúnkún tó mọ́ nìkan la fi lé e dé Kùmásì.